Ṣé Ojo Ni Ọmọ Tí Ẹ̀rù Ń Bà? Ojú Tí Òbí Fi Ń Wo Ìfòòró Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kò béèrè bóyá ọmọ náà gbọ́n tàbí ó gọ̀; kò béèrè bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni ibi tí àgbà wà nígbà tí orí ọmọ ń wọ́. Ìbéèrè yìí gan-an ni ó yẹ kí a gbé ka iwájú òbí tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àyà jíjá, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí àwọn tí wọ́n jù ú lọ, ti sọ ọ́ di ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín, tí a ń gbá létí, tí a sì ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní bí ó ṣe rí ní Ọ̀rẹ̀ àti Odigbo. Ọ̀rẹ̀ ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Oríta ni ìlú náà. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ń ti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn a máa dúró níbẹ̀ kí èrò lè jẹun. Àwọn agbẹ̀ kòkó, àwọn onígẹdú, àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò láti ọ̀nà jíjìn ti tẹ̀dó sí gbogbo àyíká náà. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, a lè rí ọmọ Oǹdó, ọmọ Ìkálẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ìgbìrà. Ọrọ̀ ni èyí jẹ́ fún ìlú. Síbẹ̀, ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ yàtọ̀, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé, tàbí èyí tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nítorí pé oko jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́, ni ó máa ń tètè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń wá ẹni tí wọn yóò fòòró. Òbí rẹ̀ wà lóko tàbí lójú ọ̀nà. Nígbà tí òbí bá dé, tí ọmọ sì ro ẹjọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ni òbí yóò sọ?

Inú ìdáhùn yẹn ni ìbéèrè ìwà tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín wà: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ní kí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kọ́kọ́ di akin ná, kí a tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ń fi ìyà jẹ ẹ́?

Ohun Tí Ìfòòró Jẹ́

Kì í ṣe gbogbo ìjà ọmọdé ni ìfòòró. Ọmọ méjì tí wọ́n ń du bọ́ọ̀lù lè gbá ara wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì jọ mu omi nínú ife kan náà kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀mọ̀wé Dan Olweus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ní Norway, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí; ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní 1973. Àmì mẹ́ta ni ó fi dá ìfòòró mọ̀. Èkíní, ẹni tí ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Èkejì, léraléra ni ó ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, agbára àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ní 1983, ìjọba Norway gbé ètò kan kalẹ̀ fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọn láti gbógun ti ìwà yìí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ti gba ẹ̀mí ara wọn ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà ní ìparí ọdún 1982.

Àmì kẹta ni ó yẹ kí àwọn òbí fi sọ́kàn jù. Agbára tí a ń wí kì í ṣe ti iṣan apá nìkan. Iye ènìyàn jẹ́ agbára, nítorí pé ọmọ márùn-ún lè yí ọ̀kan ká. Kíláàsì jẹ́ agbára, nítorí pé ọmọ ọdún kẹfà lè rán ọmọ ọdún kìíní níṣẹ́ kí ó sì nà án bí ó bá pẹ́. Ahọ́n pàápàá jẹ́ agbára: ẹni tí ó mọ orúkọ ẹ̀gàn tí yóò pa gbogbo kíláàsì lẹ́rìn-ín lè ba ayé ọmọ mìíràn jẹ́ láìfi ọwọ́ kàn án. Ní òde òní, tẹlifóònù alágbèéká ti ń gbé ẹ̀sín náà tẹ̀ lé ọmọ dé orí ẹní rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti túbọ̀ díjú ni ti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í tètè balẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo ìdílé. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá pè é dìde, ohùn rẹ̀ a há. Inú a máa run ún ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ a sì yá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Oorun rẹ̀ a máa já lóru. Àwọn òbí a ní ibà ni, wọ́n a se àgbo fún un. Bí àgbo kò bá ràn án, àwọn mìíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ayé. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun sí àwọn oníṣègùn. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ tí ó jẹ́ ará Canada, ṣe àpèjúwe àìlera kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà: orí a máa ta wọ́n, ojú wọn a máa ṣú, ìwé tí wọ́n ń kà kò sì ní wọlé mọ́. Ara ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ.

Ìwádìí ti fi hàn pé àìbalẹ̀-ọkàn àti ìfòòró ń bí ara wọn. Afòòró a máa wá ẹni tí yóò tètè sunkún, tí kò ní lè sọ̀rọ̀ jáde. Ìfòòró náà a sì tún sọ ẹ̀rù kékeré di ńlá. Ní 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ kan ní North Carolina ní Amẹ́ríkà títí wọ́n fi dàgbà. Nígbà tí William Copeland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ti àwọn 1,420 nínú wọn jáde ní 2013, ó hàn pé àìbalẹ̀-ọkàn pọ̀ lára àwọn tí a ti fòòró ní kékeré ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, kódà lẹ́yìn tí a ti yọ ìṣòro ilé àti ti ìgbà èwe kúrò nínú ìṣirò. Nítorí náà, òbí tí ó bá ní "yóò kúrò lára rẹ̀ bí ó bá dàgbà" ń fi ọjọ́ iwájú ọmọ ta tẹ́tẹ́.

Ohun Mẹ́ta Tí Àwọn Òbí Ń Sọ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn òbí náà kí a tó dá wọn lẹ́jọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí òbí máa ń sọ ni pé kí ọmọ fara dà á. Òwe tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí ó ní bí eégún bá ń lé ni, kí a máa rọ́jú. Bí ó ti ń rẹ ará ayé ni ó ń rẹ ará ọ̀run. Kì í ṣe ìkà ni ó ń mú òbí sọ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń dúró níwájú ẹni tí ń ra kòkó, tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lójú rẹ̀ tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ìfaradà ni ó fi ń jẹun. Awakọ̀ tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dé Benin, ìfaradà ni ó fi ń dé ilé. Ohun tí òbí bẹ́ẹ̀ ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ni ohun tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ogún kan ṣoṣo tí ó rò pé ó dá òun lójú ni ó ń pín fún un.

Ṣùgbọ́n kí a wo òwe náà dáadáa. Eégún tí ń lé ènìyàn ní ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ ń parí. Afòòró ilé-ẹ̀kọ́ lè lo ọdún mẹ́ta lórí ọmọ kan kí ó má sì rẹ̀ ẹ́. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, eégún kì í jáde láìní atọ́kùn. Bí eégún bá ti ń le jù, atọ́kùn ni yóò fà á sẹ́yìn, tí yóò sì rán an létí pé eré ni a ń ṣe. Ta ni atọ́kùn ní ilé-ẹ̀kọ́? Òbí àti olùkọ́ ni. Òbí tí ó bá ní kí ọmọ máa rọ́jú nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti ju okùn sílẹ̀ ti yọ ìdajì òwe kúrò.

Ohun kejì tí òbí máa ń sọ ni pé kí ọmọ lù ú padà. Ìrònú wà nínú èyí pẹ̀lú. Òbí mọ̀ pé ayé kì í bọ̀wọ̀ fún ẹni tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì kẹta tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni ó fọ́ ìmọ̀ràn yìí. Bí ọmọ náà bá lágbára láti lu ẹni tí ń fòòró rẹ̀, ìfòòró náà ìbá má ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tí a tún ní kí ó lọ jà, ti ní ẹ̀rù méjì: ẹ̀rù afòòró ní ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹ̀rù bàbá rẹ̀ nílé bí kò bá lè jà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní sọ ohunkóhun mọ́. Òbí a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí pé ilé ti dákẹ́.

Ohun kẹta ni ti òbí tí ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí kì í sọ pé kí ọmọ fara dà á. Ó lè sáré lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ó gbá ọmọ ẹlòmíràn létí níwájú gbogbo kíláàsì. Ó lè mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà láìwádìí, kí ó sì tún mú un kúrò ní èkejì. Ìfẹ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ń bọ́ ẹ̀rù. Àwọn tí ń tọ́jú àìbalẹ̀-ọkàn mọ̀ pé gbogbo ohun tí a bá ń sá fún láìdúró wò ó a máa tóbi sí i lójú ẹni. A kò gbọdọ̀ ka èyí sí ìdí láti fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyà. Ibi tí ewu wà ní ti gidi, kí a mú ọmọ kúrò níbẹ̀ ni ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí òbí bá ti ń dáhùn fún ọmọ ní gbogbo ìgbà, ọmọ náà kò ní mọ̀ láé pé òun pẹ̀lú ní ohùn.

Ojo àti Ẹni Tí Ẹ̀rù Ń Bà

Gbòǹgbò kan ni ó so ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ àti èkejì pọ̀: èrò pé ẹ̀rù jẹ́ àbùkù ìwà. Bí ọmọ bá ń bẹ̀rù, ojo ni. Bí ó bá sì jẹ́ ojo, kí a le mọ́ ọn títí yóò fi ṣíwọ́. Ìlú Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìtàn tí ó lè tún èrò yìí ṣe.

Ní oṣù Ògún ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun Biafra la ilẹ̀ Agbedeméjì Ìwọ̀-Oòrùn já, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ Ọ̀rẹ̀ fi di àkàwé lẹ́nu Yorùbá fún ohun tí ó le. Nísinsìnyí, bí ìyá kan bá gbọ́ ìró ìbọn ńlá ní ọjọ́ náà, tí ó pọn ọmọ rẹ̀, tí ó sì sá wọ inú oko kòkó, ta ni yóò dúró lónìí kí ó pè é ní ojo? Kò sí. Gbogbo ènìyàn ni yóò ní ó gbọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé a gbé ẹ̀rù ìyá náà lé orí ìwọ̀n: a wo bí ohun tí ń bọ̀ ti tóbi tó, a wo agbára ẹni tí ó ń bọ̀ wá bá, a sì rí i pé ẹ̀rù náà bá ohun tí ó fà á mu.

Ìwọ̀n kan náà ni ó yẹ kí a lò fún ọmọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún mẹ́ta ń dúró dè ní ojú ọ̀nà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ogun ni ó wà níwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Òbí tí ó bá ń rẹ́rìn-ín sí i ń fi gíga tirẹ̀ wọn ohun tí ó ga ju ọmọ lọ. Ojo ni ẹni tí ó lágbára láti ṣe ohun tí ó tọ́, tí kò sì ṣe é nítorí ìfẹ́ ara rẹ̀. Bí a bá gba ìtumọ̀ yìí, a ó rí i pé ó lè jẹ́ pé àgbàlagbà tí ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́ ni orúkọ náà tọ́ sí ju ọmọ tí ń sunkún lọ.

Sùúrù Jẹ́ Ti Ẹni Tí Ó Ní Ọ̀nà Mìíràn

Òbí lè dáhùn pé sùúrù ni baba ìwà, pé kò sí ọmọlúàbí tí kì í ní sùúrù. Òtítọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú iṣẹ́ tí ó ṣe ní 1975 lórí ìwà-pẹ̀lẹ́, fi bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó nínú Ifá hàn. Nínú ìtàn Ifá náà, Ìwà jẹ́ ọmọ Sùúrù, Sùúrù sì jẹ́ àkọ́bí Olódùmarè. Ìwà di aya Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀nà tí a gbà ń sọ ìtàn náà pọ̀, ṣùgbọ́n nínú èyí tí a mọ̀ dáadáa, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ ẹ́ nínú ilé ọkọ, Ìwà fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rúnmìlà ni ó wá dààmú láti ilé dé ilé, tí ó ń wá a kiri.

Ìtàn yìí yẹ fún àròjinlẹ̀. Ẹni tí Sùúrù bí gan-an kò jókòó sínú ìyà. A kò sì ka lílọ rẹ̀ sí àìní sùúrù. Ẹni tí ó ṣe é ní ibi ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, òun náà ni ó sì rìn, tí ó wá àtúnṣe. Bí a bá gbé e wo ọ̀rọ̀ ọmọ wa, a ó rí i pé sùúrù ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó lè gbẹ̀san tí ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn ni ó ní sùúrù. Ẹni tí ó lè lọ tí ó sì yàn láti dúró nítorí ohun rere kan ni ó ní sùúrù. Ọmọ tí kò lè jà, tí kò lè lọ, tí kò sì rí ẹni sọ fún, kò tíì yan ohunkóhun. Ẹni tí a so mọ́lẹ̀ kò ní sùúrù. Ìdè ni ó ní. Bí a bá ń pe ìdè rẹ̀ ní ìwà rere, a ń fi orúkọ ohun dáradára bo ohun burúkú mọ́lẹ̀, ẹni tí ó sì ń jèrè rẹ̀ ni afòòró.

Àgbà àti Gbèsè Àgbà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ń fìyà jẹ àwọn kékeré sábà máa ń ní àṣà ni, pé wọ́n ṣe é fún àwọn náà. Àwọn òbí kan, tí wọ́n ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà rí, a máa gbà pẹ̀lú wọn. Ó yẹ kí a béèrè pé, àṣà ta ni? Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ kékeré ni ó máa ń ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́, ìyà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Thomas Hughes fi í hàn nínú ìtàn Tom Brown's School Days ní 1857. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1859, ni a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ irú rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e sì kó púpọ̀ nínú ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé pẹ̀lú ìwé.

Nítòótọ́, Yorùbá ti mọ ipò àgbà tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n ní àwùjọ Yorùbá, ipò àgbà jẹ́ gbèsè tí à ń san. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá ń rán àbúrò níṣẹ́ ni yóò gba ìjà rẹ̀ jà lóde. Bí àbúrò bá ṣe àṣìṣe, wọn yóò bi ẹ̀gbọ́n léèrè ohun tí ó ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ó gba ìkúnlẹ̀ àti ìránṣẹ́, tí ó sì kọ ààbò sílẹ̀, ti jẹ ẹran àṣà, ó ti da egungun rẹ̀ nù.

Níhìn-ín ni a ti kan òbí afòòró. Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìfẹ́ ọmọ ẹni kò sì ní kí a má rí àléébù rẹ̀. Òbí tí wọ́n bá fi ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn, tí ó rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ọmọ òun gbójú bí bàbá rẹ̀, kí ó rántí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ó ti jẹ́ pé nílé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kí ó tún bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọmọ ti kọ́ pé ẹni tí ó lágbára ni ó ní ẹ̀tọ́ láti fìyà jẹni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà sì ti sọ di òfin tirẹ̀, kò fàyè gba kí a ṣe ọmọ kankan léṣe, ìbáà ṣe ní ara tàbí ní ọkàn. Òfin náà kò ní kí ọmọ kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbójú kí ó tó dáàbò bò ó.

Ohun Tí Ó Kan Òbí

Bí "fara dà á" kò bá tó, tí "lù ú padà" kò tọ́, tí àbòjù kò sì wo ẹ̀rù sàn, kí ni ó kù?

Ohun àkọ́kọ́ ni etí. Ní oṣù Igbe ọdún 2024, fọ́nrán kan tàn ká gbogbo Nàìjíríà, nínú èyí tí a ti rí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń gbá létí léraléra ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Abuja. Inú bí gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ojú ni ó rí i, kò sì sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí a ń fòòró kò ní fọ́nrán. Ẹnu wọn nìkan ni ẹ̀rí wọn, ẹnu náà sì ń gbọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti ẹnu òbí jáde bá jẹ́ "Kí ni ìwọ náà ṣe fún wọn?", ilẹ̀kùn ti tì. Kí òbí jókòó, kí ó jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́ tán. Ìwádìí yóò tẹ̀ lé e, nítorí pé ọmọ lè ṣì sọ. Ṣùgbọ́n bí ìtàn kò bá tilẹ̀ tíì dájú, ẹ̀rù tí ó wà lójú ọmọ dájú.

Ohun kejì ni kí òbí gbé ìgbésẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ ọmọ. Ohun tí ọmọ ń bẹ̀rù jù ni pé bí òbí bá lọ pariwo, ìyà ọ̀la yóò ju ti àná lọ. Ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe asán. Nítorí náà, kí òbí lọ bá olórí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó sì béèrè ohun tí ó ṣe é dáhùn: ta ni yóò máa wà ní ibi ìgbọ̀nsẹ̀ ní àkókò ìsinmi? Ta ni yóò máa wo ọ̀nà ẹ̀yìn nígbà tí a bá jáde? Kí ó sì padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Èyí kò rọrùn fún lébìrà oko tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì, tàbí fún obìnrin tí oúnjẹ ọjọ́ kan wà nínú ọjà tí yóò tì nítorí ìpàdé náà. Kí irú wọn mú ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lọ: aládùúgbò, olórí ìjọ tàbí lemọ́ọ̀mù, tàbí olórí àwọn ará wọn ní ìlú. Ní ìlú tí ó kún fún àlejò bí Ọ̀rẹ̀, òbí tí kò lẹ́nìkan wà nínú ewu kan náà tí ọmọ rẹ̀ wà.

Ohun kẹta ni kí a kọ́ ọmọ ní ìgboyà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ìyà bá ti dáwọ́ dúró. Kí a rán an lọ ra nǹkan, kí ó béèrè ṣéńjì rẹ̀. Kí ó bá àlejò sọ̀rọ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Kí a wá ọ̀rẹ́ kan fún un tí wọn yóò jọ máa rìn. Ibi tí ẹ̀rù bá ti jinlẹ̀ ju èyí lọ, kí a má ṣe tijú láti lọ sí ilé ìwòsàn. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 ti rọ́pò òfin ayé àmúnisìn tí ó ń fi ojú wèrè wo gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ kí ó tó di ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ti fi ọ̀nà kan hàn ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, kí ẹbí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn nígbà ìtọ́jú. Wíwà ẹni tìkára ẹni nítòsí wà lára oògùn náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni bóyá ó tọ́ kí ọmọ di akin kí a tó gbà á. Ohun tí a ti yẹ̀ wò fi hàn pé kò tọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó jẹ gbèsè. Bí a bá ní kí ọmọ tí a ṣẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe kí ìyà lè kúrò, ẹni tí a rẹ́ jẹ ni a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgboyà dára, sùúrù sì dára, ṣùgbọ́n ibi ààbò ni a ti ń kọ́ méjèèjì. Ọmọ tí ó mọ̀ pé bí òun bá pè, ẹnìkan yóò dáhùn, ni ó lè gbìyànjú láti dúró. Ẹni tí kò ní olùdáhùn kò ní ìdí kan láti pe ẹnikẹ́ni.

Kò sí òbí tí ó lè wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí ọjọ́, pàápàá òbí tí ó ń jí lọ sí oko ní ìdájí, tàbí èyí tí ó ń tajà fún àwọn èrò ọkọ̀ òru. Ṣùgbọ́n kò sí òbí tí kò lè béèrè ní alẹ́ bí ọjọ́ ti lọ sí, kí ó sì dúró gbọ́ èsì. Bí àwọn àgbà ilé, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí afòòró pàápàá bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí èyí, orí ọmọ tí ó ń wọ́ yóò tọ́, a ó sì lè sọ láìtijú pé àgbà wà lọ́jà.